Ọ̀rẹ́ Mi Wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Ìwé Kò sì Wọ̀ Mí Lórí Mọ́

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Òṣogbo:

"Ẹni ọdún 72 ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní 1973, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń gbé yàrá kan. Tó bá di alẹ́ Sátidé, á máa di irun fún mi, èmi á máa ka ìwé ìtàn Yorùbá sókè fún un. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1984, ibẹ̀ ló wà títí di òní. A ṣì ń pe ara wa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò ju àìsàn, òkú àti 'àwọn ọmọ ńkọ́' lọ mọ́. Nígbà mìíràn, oṣù méjì á kọjá, kò sẹ́ni tó máa pe ẹnì kejì. Mo ní àyè báyìí, ilé pa rọ́rọ́, mo ní kí n padà sídìí ìwé. Ojú ewé kan ni mo máa ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò sì ní wọlé. Ṣé ọ̀rẹ́ wa ti parí ni? Ṣé ọpọlọ mi náà ló sì ń lọ?"

Ẹ kú ìsinmi o, mà. Ìbéèrè méjì lẹ rò pé ẹ fi ránṣẹ́, ọ̀kan lórí ọ̀rẹ́, ọ̀kan lórí ìwé. Lójú tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni.

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, nídìí kọ́ńtà tí wọ́n ti ń yáni níwèé. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì tó wá gba káàdì lọ́jọ́ Ajé, tó yá ìwé mẹ́ta, tó sì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà wá lọ́jọ́ Ẹtì láìtíì kọjá ojú ewé kẹwàá. Wọ́n á rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. "Orí mi ò gbà á mọ́." Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi, nítorí orí kì í sábà jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ padà lọ wo ohun kan tí ẹ sáré kọjá nínú lẹ́tà yín: òun ń di irun, ẹ̀yin ń kàwé sókè. Mà, nínú gbogbo ìwé ìtàn tí ẹ kà léwe, èwo lẹ dá nìkan kà, láìlanu, nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn? Mo lè búra pé kò pé méjì. Ìwé ìdánwò lẹ dá kà. Ìwé ìtàn, ẹnu àti etí lẹ fi kà á, pẹ̀lú ọwọ́ ẹlòmíràn nínú irun yín. Ẹ wá jókòó báyìí sínú pálọ̀ tó dákẹ́, ẹ fi ojú nìkan kàwé, ẹ sì ń retí adùn 1973. Irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì ṣe é rí. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni, lẹ́ni ọdún 72, tí ẹ wá ń fi ara yín bú pé ẹ ti gbàgbé.

Bí ìwé Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ àwùjọ ni. Nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, láti 1929 wọ 1930, bí lẹ́tà ló ṣe ń gbé e jáde, bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí olóòtú. Àwọn ará Èkó ń jiyàn bóyá ó wà láàyè lóòótọ́ tàbí kò sí. Ẹnì kan kì í sì í dá jiyàn. Ẹ wo ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1938: àgbà kan ló wá bá akọ̀wé, tó ní kí ó mú ìwé àti kálámù, kí ó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Kí ìtàn náà tó parí, èrò ti pé jọ tí wọ́n ń gbọ́. Nínú ìwé náà gan-an, etí ló kọ́kọ́ gba ìtàn kí ojú tó rí i.

Nílé tiwa, lẹ́tà ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà ní Kùmásì, èmi ni mo sì máa ń ka lẹ́tà rẹ̀ fún ìyá àgbà. Lẹ́tà kan, á ní kí n kà á láàárọ̀, á ní kí n kà á nígbà tí àwọn aládùúgbò bá dé, á tún ní kí n kà á kí a tó sùn. Ó mọ̀ ọ́n lórí tán, síbẹ̀ á ní kí n ṣe sùúrù níbi tó ti ń kí òun. Ọdún 1969 tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò kúrò nílùú ni lẹ́tà yẹn tán. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dé pẹ̀lú àpótí méjì, a kò sì rí ohun kà lálẹ́ mọ́.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ dídùn bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ara gbogbo ayé lẹ mọ̀ àfi tiyín. Ìgbà wo lẹ ṣe àyẹ̀wò ojú gbẹ̀yìn? Láti bí ẹni ogójì ọdún ni dígí inú ẹyinjú ti máa ń le, tí kì í lè fà sún mọ́ ohun ìtòsí mọ́, tí lẹ́tà wẹ́wẹ́ á wá máa rìn lójú ìwé bí èèrà. Jígí ìkàwé ló ń tún un ṣe, ṣùgbọ́n jígí tí ẹ rà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ti dàgbà jù fún ojú yín, àbí kí n ní ojú yín ló dàgbà jù ú lọ. Tó bá dà bíi pé inú kùrukùru lẹ ti ń wo nǹkan, ó ṣeé ṣe kí dígí náà ti máa funfun, iṣẹ́ abẹ sì wà fún un. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, nítorí kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń jẹ ìríran wọlé, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn bí inú ojú yín ṣe le tó.

Ní ti ọpọlọ: tí ẹ bá ń ṣìnà ládùúgbò yín, tàbí tí ẹ ń bi ọmọ yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ kan, dókítà ni kí ẹ sọ ọ́ fún. Ẹni tó kọ lẹ́tà tó já gaara tó èyí kò jọ ẹni bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ohun kan tún wà tí mi ò tíì gbọ́ kí dókítà kankan bi ènìyàn: àkọtọ́, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọdún 72 lónìí, àkọtọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé. "Aiye" lẹ mọ̀. "Ẹiyẹ" lẹ mọ̀, àti "enia", "nwọn", "yio", "obirin". Ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1966, àkọtọ́ tí à ń lò báyìí sì rí ìfọwọ́sí ní 1974, nígbà tí ẹ ti wọ aṣọ funfun, tí ẹ ń gún abẹ́rẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì tún fún yín ní iṣẹ́ àṣetiléwá Yorùbá mọ́. Ẹ kò sí ní kíláàsì lọ́jọ́ tí wọ́n pàrọ̀ rẹ̀.

Kí nìyẹn ní í ṣe? Ó pọ̀. Ẹni tó mọ ìwé kà kì í pe lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń mọ ọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe ń mọ ìrìn ọmọ yín láti òkèèrè. Tí ọ̀rọ̀ bá pààrọ̀ aṣọ, ojú á dúró díẹ̀, á bi í pé ta nìyí. "Aiye" di "ayé", ojú dúró. "Nwọn" di "wọ́n", ojú dúró. Kí ẹ tó dé ìsàlẹ̀ ojú ewé, ìdúró ti pọ̀, ìtàn ti já. Ẹ tún wá fi àmì ohùn lé e. Ìwé àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sàmì. Òǹkàwé ló ń fi etí ara rẹ̀ mọ̀ bóyá ọkọ ni, ọkọ́ ni, tàbí ọkọ̀. Ìwé ìsinsìnyí ń sàmì sórí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀. Ó dára fún ọmọ tó ń kọ́ èdè, ó sì dára fún ìmọ̀. Fún ìyá àgbàlagbà tó ti ń gbọ́ Yorùbá kó tó rìn, ó máa ń dà bí ìrẹsì tí wọn kò ṣa òkúta inú rẹ̀ dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ èdè á bínú sí mi lórí èyí. Kí wọ́n bínú.

Bàbá kan wá bá mi rí, ẹni 80 ọdún lé díẹ̀, ó ní òun kò lè ka Yorùbá mọ́. Ó ń mú ìwé tuntun sókè sílẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹ̀yìn rẹ̀. Mo lọ sí ìdí pẹpẹ ìwé tó wà lẹ́yìn, mo gbé Bíbélì àtijọ́ tí etí rẹ̀ ti ya fún un. Ó kà á bí omi ṣe ń ṣàn, ó kà á títí àwọn ọmọ tó ń kàwé fún ìdánwò fi ní kó jọ̀ọ́ kó dín ohùn kù.

Nítorí náà, ẹ kà á sókè. Etí yín ti mọ "ayé" tipẹ́, ojú ló ń bẹ̀rù rẹ̀. Tí ẹnu bá ti pè é, etí á fi ọkàn ojú balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú náà á ti mọ̀ ọ́n. Tàbí kí ẹ wá ẹ̀dà àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù, èyí tí bébà rẹ̀ ti pọ́n bí epo.

Ti fóònù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé e sí yàrá mìíràn. Ẹ má sì retí ìdákẹ́jẹ́ pátápátá nínú ìlú wa yìí, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, gbohùngbohùn àti ẹlẹ́rọ tó ń lọ ata. Láàárín aago mẹ́wàá sí méjìlá, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ síléèwé, lẹ máa rí díẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá náà dára.

Ó wá ku ọ̀rẹ́ yín.

Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn là ń pè é lédè wa: bí kò bá rí ọ, kò ní sùn. Ọ̀rọ̀ agbo ilé ni, ti ibi tí ilẹ̀kùn ti kọjú sí ilẹ̀kùn, tí èéfín ìdáná kan náà ń wọ yàrá méjèèjì. Tí ẹ bá fi wọn ẹni tó ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1984, a jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì kò tíì fojú ba oorun fún 40 ọdún. Ẹlòmíràn á sì sọ fún yín pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka àwọn ọmọ inú òwe náà: ogún ni wọ́n. Mi ò tíì gbọ́ kí àgbà kankan sọ pé ọmọdé méjì kò lè ṣe é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Kansas, Jeffrey Hall, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí iye wákàtí tó ń sọ ojúlùmọ̀ di ọ̀rẹ́. Bí 50 wákàtí ló ń mú ènìyàn kúrò ní ojúlùmọ̀ lásán; kó tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́, ó máa ń lé ní 200. Ẹ ṣírò àwọn alẹ́ Sátidé yín. Irun tó bá gba wákàtí mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ 52 nínú ọdún, wákàtí 156 nìyẹn láìka oorun, oúnjẹ àti àròyé nípa mátírọ́ọ̀nù. Ọdún kejì kò tíì dé ìdajì tí ẹ ti kọjá 200. Wákàtí wọ̀nyẹn kì í bàjẹ́ nínú àpò. Mo ti rí àwọn tó pàdé lẹ́yìn 20 ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti àárín gbólóhùn.

Kí ló wá sọ ìpè yín di ìròyìn òkú? Ẹ ronú sí i: ìròyìn ni ẹ ń ṣe fún ara yín. Ta ló kú, ta ló bímọ, eékún ńkọ́. Ìròyìn kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, lẹ́yìn rẹ̀, "ó dàárọ̀ o". Ẹni méjì tó bá jọ ń ṣe nǹkan kì í ròyìn. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ sí, ọ̀rọ̀ á sì máa gba ibẹ̀ yà sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò rò. Ní 1973, irun àti ìwé wà láàárín yín. Báyìí, kò sí nǹkan kan láàárín yín àfi òkun.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, àmọ́ èmi ti bà á jẹ́ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣí lọ sí Kàdúná, a ní kí a jọ máa ka ìwé kan náà lórí fóònù. Iṣẹ́ ilé ìkàwé wọ̀ mí lẹ́wù. Orí kọ̀ọ̀kan tí a bá parí, mo kọ ìbéèrè mẹ́wàá ránṣẹ́ sí i: kí ni ìdí tí ọkọ fi ṣe báyìí, ọ̀nà ìsọ̀tàn wo ni òǹkọ̀wé lò. Ó dáhùn àkọ́kọ́, ó dáhùn ìkejì. Lẹ́yìn náà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kàdúná dédé bàjẹ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko. Ibi ìkómọ ni a ti pàdé. Ó fà mí sẹ́yìn àga, ó ní, "Ìwọ, ṣé máàkì lo fẹ́ fún mi ni?" Mo rẹ́rìn-ín níwájú èrò, ó sì dùn mí délé. Nígbà tí a tún bẹ̀rẹ̀, mo fi ìbéèrè sílẹ̀. Òun ló ń kàwé fún mi báyìí, lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí mo bá ń bó ẹ̀gúsí. Nígbà mìíràn a kì í ka ojú ewé méjì kí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó wọ̀ ọ́.

Ẹ ra ìwé kan náà méjì, ẹ̀dà kan náà, kí ojú ewé 40 tiyín lè jẹ́ ojú ewé 40 tirẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan rán ẹni tó bá ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, láàárín èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ. Á dé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú òórùn ilé. Ẹ ka bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sínú WhatsApp, kí ẹ fi ohùn náà ránṣẹ́. Orí tó bá tẹ̀ lé e, òun ni kó kà á fún yín. Tí ẹ bá ṣì í pè, ẹ má pa á rẹ́ kí ẹ tún un ṣe. Tí àkùkọ bá kọ láàárín rẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ; ó lè jẹ́ àkùkọ yẹn ló máa tún gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ ìpè tààrà lẹ fẹ́, aago yín àti tirẹ̀ máa ń dọ́gba láti ìparí oṣù kẹta sí ìparí oṣù kẹwàá. Láwọn oṣù tó kù, wákàtí kan ni tirẹ̀ fi wà lẹ́yìn tiyín.

Kí ẹni tó ń gbọ́ ní ohun kan lọ́wọ́. Kó máa ká aṣọ, kó máa ṣa ẹ̀wà, kó máa di irun ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ọmọ náà bá gbà. Mi ò lè fi ìwádìí kankan ti èyí lẹ́yìn, ohun tí mo rí ni mò ń sọ: etí àwa àgbàlagbà máa ń gbọ́ dáadáa nígbà tí ọwọ́ bá dí.

Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò dáhùn, ẹ ka orí tó kàn, kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má bi í pé "ṣé o ti gbọ́ èyí tí mo fi ránṣẹ́ níjẹta?" Olówó èlé ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Tí ìwé náà bá sú ẹnì kan nínú yín, ẹ jù ú sílẹ̀ láìtọrọ àforíjì. Ìwé pọ̀.

Ní ti ìwé kíkà nínú ìdákẹ́jẹ́ tí ẹ ń wá, ẹ ní sùúrù fún un. Orí ìwé tí ọ̀rẹ́ yín bá kà fún yín lálẹ́, ẹ mú tiyín ní aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì, ẹ jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, ẹ fi ojú nìkan kà á. Ẹ ó gbọ́ ọ. Ibi tó ti dánu dúró, ibi tó ti rẹ́rìn-ín, ibi tó ti pe orúkọ kan bí ará ìlú wọn ṣe ń pè é, gbogbo rẹ̀ á wà nínú lẹ́tà níwájú yín. Èmi náà, láti inú irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀ ni mo ti wá mọ bí wọ́n ṣe ń dá kàwé, lẹ́yìn tí mo ti gba owó oṣù ilé ìkàwé fún ọdún 31.

Ìwé tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, mi ò ní yàn án fún yín. Ẹ pè é lálẹ́ Sátidé yìí, ẹ bi í pé nínú gbogbo èyí tí ẹ kà fún un nígbà yẹn, èwo ló ṣì rántí. Kí òun kọ́kọ́ dárúkọ tirẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ tiyín. Tó bá ní òun ò rántí ìkankan, ẹ bi í pé irun wo ló sábà máa ń dì fún yín, ṣé ṣùkú ni àbí kòlẹ́sẹ̀.